Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Dorade àti àwọn ọkọ̀ onígi tó kọ̀ tí ò gbó

Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù tó kọjá, a sọ díẹ̀ nípa Dorade, ọkọ̀ ìgbòkun onígi kan tí wọ́n kàn ní New York lọ́dún 1930, tó sì tún lọ gba ipò kìíní nínú eré ìje òkun lọ́dún 2013 nígbà tó ti pé ọdún 83. Ojú ìwé kan péré la kọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà tẹ́ẹ kọ padà pọ̀ débi pé mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní gbogbo abala ìbéèrè àti ìdáhùn toṣù yìí. Mo mú mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà, torí ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń béèrè ló wà nínú wọn. Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọmọ ọdún 21 ló ya Dorade sórí pépà. Báwo lọmọ ọdún 21 ṣe rówó kan ọkọ̀ tó lọ fẹ̀yìn àwọn olówó Amẹ́ríkà gbálẹ̀? Àbí ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn

Àbúrò mi, ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀ lóòótọ́, bàbá ẹ̀ ni. Olin Stephens lorúkọ ọmọkùnrin náà, wọ́n bí i lọ́dún 1908, èédú ni ìdílé wọn ń tà ní Bronx ní New York. Kò kàwé jìnnà, ó wọ MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àìsàn lé e wálé kó tó lo ọdún kan níbẹ̀, kò sì padà mọ́. Àmọ́ láti kékeré lòun àti àbúrò ẹ̀ Rod ti ń wa ọkọ̀ ìgbòkun kiri, tí ò bá sí lórí omi, àwòrán ọkọ̀ ló máa wà nídìí ẹ̀ tó ń yà. Nígbà tó yá ó bá ọkùnrin kan tó ń bá wọn ta ọkọ̀, Drake Sparkman, da òwò pọ̀, wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ Sparkman & Stephens sílẹ̀ ní oṣù November ọdún 1929. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀! Ọjà owó Wall Street ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ yángá ní oṣù October ni, owó ti wọmi lọ́wọ́ àwọn olówó, ta ló máa wá gbé iṣẹ́ ọkọ̀ fún ọmọdé tí ò tíì ní irùngbọ̀n dáadáa? Bàbá ẹ̀ ló dìde. Ó kó nǹkan bí 28,000 dọ́là sílẹ̀, owó gidi nìyẹn láyé ọjọ́un, ó ní kí Olin ya ọkọ̀ tó bá wù ú, wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà fún àwọn Minneford tó ń kan ọkọ̀ ní City Island.

Ọkọ̀ tí Olin yà ò jọ tàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Lákòókò yẹn, ọkọ̀ tó bá máa kọjá òkun ńlá, ohun táwọn èèyàn gbà ni pé ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ kó sì wúwo, bíi tàwọn apẹja. Dorade gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 52 ṣùgbọ́n fífẹ̀ ẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íǹṣì díẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ jìn wọnú omi, òjé tó wúwo wà nídìí ẹ̀ tí ò ní jẹ́ kó dojú dé. Òpó méjì ló ní, tẹ̀yìn kéré sí tiwájú. Àwọn igi ìhà ẹ̀, ìyẹn àwọn igi títẹ̀ bí egungun ìhà tí wọ́n ń kan pákó mọ́, ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi rọ̀ wọ́n tí wọ́n fi tẹ̀ wọ́n, wọn ò gé wọn láti ara gẹdú ńlá, ìyẹn wà lára ohun tí ò jẹ́ kí ara ẹ̀ wúwo. Ó ní àléébù tiẹ̀ o, tí afẹ́fẹ́ bá wá látẹ̀yìn ó máa ń mì lọ mì bọ̀ gan-an, Olin fúnra ẹ̀ gbà nígbẹ̀yìn pé òun ṣe é tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí Stormy Weather tó yà lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n kàn lọ́dún 1934, fi fẹ̀ jù ú lọ.

Ọdún 1930 ó sá eré Bermuda, eré ìje tó ń lọ sí erékùṣù Bermuda, ó ṣe ipò kejì ní ìsọ̀rí ẹ̀, àwọn èèyàn ní ó dáa, wọ́n lọ sílé. Ọdún 1931 lọ̀rọ̀ wá yàtọ̀. Ọkọ̀ mẹ́wàá gbéra ní Newport ní Rhode Island lọ́jọ́ kẹrin oṣù July, Plymouth ní England ni wọ́n ń lọ. Èèyàn méje ló wà nínú Dorade, Olin ló ń darí ọkọ̀, ọmọ ọdún 23, Rod wà níbẹ̀, bàbá wọn náà bá wọn lọ, ìyẹn ni pé bàbá jókòó sínú ọkọ̀ tọ́mọ ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ẹ̀! Wọ́n gba ọ̀nà òkè, ọ̀nà tó kúrú jù ṣùgbọ́n tí òtútù àti kùrukùru pọ̀ níbẹ̀, àwọn míì gba ìsàlẹ̀ lọ níbi tára ti máa tu wọ́n. Ọjọ́ 17 ni wọ́n lò lójú omi. Nígbà tí wọ́n dé Plymouth, ọjọ́ méjì ló kọjá kí ọkọ̀ kejì tó yọjú, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó gùn jù wọ́n lọ fíìfíì ni. Wọn ò tíì sinmi tán, wọ́n tún wọ eré Fastnet, eré ìje òkun kan ní England, lọ́dún yẹn náà, wọ́n tún gbé e. Nígbà tí wọ́n délé, ìlú New York tò wọ́n gba Broadway kọjá, wọ́n ń da pépà gígé lé wọn lórí láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń ṣe fáwọn akọni.

Olin ò dúró síbẹ̀. Láti 1937 títí dé 1980, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sá eré America's Cup, eré ìje ọkọ̀ ìgbòkun tó lókìkí gan-an, ọkọ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ wà nínú ẹ̀ ló ń gbé e, àfi ti 1962 nìkan. Ọdún 2008 ló kú, ó pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọmọ mi, ohun tó ń dà mí láàmú nípa ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ni pé tí ìgbì bá ń bò ó mọ́lẹ̀ lóru, táa sì ti gbogbo ilẹ̀kùn, báwo làwọn tó sùn sísàlẹ̀ ṣe ń mí? — Ìyá oníṣòwò kan, Ṣàgámù

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Ìbéèrè tẹ́ẹ bi yìí gan-an ni Rod, àbúrò Olin, wá ìdáhùn sí, ohun tó sì ṣe ti wá tàn kárí ayé báyìí. Àpótí kékeré kan ni, orí dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn pákó tó bo orí ọkọ̀, ló máa ń wà. Páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wà lápá kan lórí àpótí náà, páìpù tó ń gbé e lọ sísàlẹ̀ sínú yàrá wà lápá kejì, wọn ò dojú kọra wọn rárá, ẹnu èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ sì ga sókè díẹ̀ nínú àpótí. Tí ìgbì bá ya wọlé, omi á já bọ́ sí ìdí àpótí, ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tó máa gbà ṣàn padà sórí dẹ́ẹ̀kì, afẹ́fẹ́ á sì yí gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ sínú páìpù kejì lọ bá àwọn tó sùn. Kò lo iná, kò lo ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ títí dòní, àpótí Dorade ni wọ́n ń pè é, ẹ sì máa rí i lórí ọkọ̀ tí ò tiẹ̀ mọ ibi tí Dorade wà.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ kú làákàyè. Káfíńtà ọkọ̀ lèmi náà. Nílùú wa níbí, ọkọ̀ onípákó tó bá ti lo ọdún díẹ̀ ló ti ń béèrè fún òmíràn. Kí ló ń ba tàwọn òyìnbó yẹn jẹ́, báwo ni wọ́n sì ṣe ń tún un ṣe tó fi ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún? — Bàbá káfíńtà kan, Igbókọ̀dá

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Ẹ ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́ fáwọn tó kù, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Àkọ́kọ́, omi òkun kọ́ ló ń jẹ́ kí igi ọkọ̀ jẹrà jù, omi òjò ni. Olú tó ń jẹ igi, ìyẹn funfun funfun tó máa ń sọ igi di ìyẹ̀fun, kì í fẹ́ iyọ̀, omi òkun kì í jẹ́ kó ráyè. Òjò ló máa ń rọ sórí dẹ́ẹ̀kì, á wá ihò kékeré kan gbà wọlé, á lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ kan níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, tó bá ti jókòó síbẹ̀ fọ́dún díẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò gbé ojú wò ó, igi yẹn ti lọ. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ̀ fi ń sọ pé dẹ́ẹ̀kì tó ń jò ló ń pa ọkọ̀, kì í ṣe ìgbì. Èkejì ni ìṣó. Tí wọ́n bá fi ìṣó irin kan igi óákù, oje inú igi náà àti omi iyọ̀ á jọ bá irin jà, irin á dípẹtà, ìpẹtà á sọ igi tó yí i ká di dúdú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni pákó á bẹ̀rẹ̀ sí tú lára ìhà. Ìṣó bàbà àti bóòtù idẹ ló ń pẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n bá fowó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ máa rí wọn lára ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kòkòrò inú òkun. Èèyàn máa ń pè é ní kòkòrò àmọ́ ìdílé ìsáwùrú ló ti wá, tó bá wà ní kékeré á gba ihò tójú ò lè rí wọnú igi, inú ẹ̀ ló ti máa dàgbà tó sì máa jẹ ẹ́ lọ, ẹ̀yìn igi á máa dán, inú ẹ̀ á ti di ihò. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń fi abala bàbà bo ìdí ọkọ̀ nítorí ẹ̀, ní báyìí ọ̀dà tí wọ́n po bàbà mọ́ ni wọ́n ń kùn ún.

Ó wá ku ìrísí ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Omi máa ń gbé àárín ọkọ̀ sókè ju iwájú àti ẹ̀yìn lọ, torí àárín ló fẹ̀. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, iwájú àti ẹ̀yìn á ti lọ sílẹ̀, ìdí ọkọ̀ á tẹ̀ kọ́rọ́ sókè láàárín. Ojú lásán lè má rí i ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ò ní sáré mọ́ bó ṣe ń sáré.

Nítorí náà, àtúnṣe ọkọ̀ ìje ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òòlù, pẹ̀lú òṣùwọ̀n ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí ilẹ̀, wọ́n á fi igi gbè é yíká, wọ́n á wọn gbogbo ara ẹ̀, wọ́n á wá fi wé àwòrán tẹ́ni tó yà á fi sílẹ̀. Àwòrán yẹn, wọ́n á tún un yà sórí ilẹ̀ pákó ní bó ṣe tóbi gan-an, kì í ṣe kékeré, káfíńtà á lè gbé igi lé e lórí kó gé e. Iwájú àti ẹ̀yìn tó ti wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa gbé e padà, lónìí íǹṣì kékeré, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òmíràn, torí igi tí wọ́n bá kánjú fún á ya. Nígbà tó bá wá kan pípààrọ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ tú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láéláé. Ìhà kan á jáde, èyí tó tẹ̀lé e á dúró, tuntun á wọlé, kí wọ́n tó padà wá yọ èyí tó dúró yẹn, ọkọ̀ náà ò gbàgbé bó ṣe rí láàárín gbogbo ìyẹn.

Ìhà tó jẹ́ títẹ̀, inú àpótí gígùn kan ni wọ́n ń kó igi sí tí wọ́n á máa fẹ́ ooru omi sí i, bí igi bá nípọn tó íǹṣì kan wákàtí kan ló máa lò. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, àwọn tó di í mú ò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó tún le, eré ni wọ́n á bá a sá wọnú ọkọ̀, ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan á dè é, ẹnì kan á gbá a. Ẹ̀yìn pákó ló kan òwú. Òwú gidi ni o, òwú tí wọ́n yí, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù onígi lù ú wọ àárín pákó méjì, ẹni tó mọṣẹ́ máa ń fetí gbọ́ ọ, ohùn òòlù á yí padà nígbà tó bá ti tó, tó bá fi agbára ṣe é jù ó lè ti pákó kúrò lára ìhà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ohun tó ń dí ihò pa á. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e padà sómi á jò, ẹ má bẹ̀rù, pákó ń mu omi ni, tó bá ti wú tán á fún mọ́ra, jíjò á dáwọ́ dúró.

Dorade fúnra ẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá. Wọ́n tà á lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ẹni tó ni ín níbẹ̀ fi gba eré Transpac lọ́dún 1936, láti California dé Honolulu. Lẹ́yìn náà ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní apá ìpínlẹ̀ Washington, ó ń sáré níbẹ̀ náà. Ọdún 1997 ni wọ́n tún un ṣe dáadáa ní Porto Santo Stefano ní Ítálì, ní ilé iṣẹ́ Cantiere Navale dell'Argentario, àwọn yẹn mọ ọkọ̀ onígi gan-an. Kí ẹ kíyè sí nǹkan kan, Bàbá: kò sígbà kan nínú gbogbo ọdún yẹn tó wà láìlólówó tó ń lò ó. Ohun tó gbà á là nìyẹn ju òwú àti bàbà lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò, ẹni tó ń lò ó máa tètè rí ibi tó ń jò.

Ẹ dákun, tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ìhà, tí wọ́n pààrọ̀ pákó, tí wọ́n pààrọ̀ dẹ́ẹ̀kì, kí ló wá kù? Ṣé kì í ṣe ọkọ̀ tuntun ni wọ́n fún lórúkọ àgbà? — Olùkọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀gá mi, ìbéèrè yìí le, mo sì fẹ́ fi ọkọ̀ mìíràn dá a lóhùn, torí ti Dorade ò le tó tiẹ̀.

Tally Ho lorúkọ ọkọ̀ náà. Ọdún 1910 ni wọ́n kàn án ní Shoreham ní England, ọkùnrin tó yà á, Albert Strange, ayàwòrán ni, òun ló ń darí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Scarborough. Nígbà tó di 1927, Tally Ho wọ eré Fastnet, ìyẹn eré tó gbéra ní England tó lọ yí àpáta Fastnet ká létí Ireland kó tó padà wá. Eré náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí nígbà yẹn, ọdún 1925 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a, Jolie Brise tí wọ́n kàn ní Le Havre ló gbé e. Ti 1927 yẹn, ìjì jà débi pé nínú ọkọ̀ bíi 15 tó gbéra, méjì péré ló parí ẹ̀, Tally Ho àti ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ La Goleta. La Goleta ló kọ́kọ́ dé, kò sì pé wákàtí kan tí Tally Ho fi tẹ̀ lé e. Àmọ́ nínú irú eré yìí wọ́n máa ń ṣírò àkókò fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ńlá á yọ̀ǹda àkókò fún kékeré, nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ tán Tally Ho ló gbé e.

Ọkọ̀ tó ṣe irú ẹ̀ wá lọ kọlu òkìtì iyùn ní erékùṣù Cook lójú òkun Pàsífíìkì ní ọdún 1960 sí 1970, wọ́n fà á yọ, wọ́n fi pẹja, nígbẹ̀yìn ó lọ jókòó sí Brookings ní Oregon, ó ń jẹrà. Ọdún 2017 ni ọmọ England kan tó ń kan ọkọ̀, Leo Sampson Goolden, rà á lówó tí ò tó nǹkan, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ Washington, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń ya fídíò gbogbo ẹ̀ sórí YouTube, àwọn tó ń wò ó ló ń dáwó iṣẹ́ náà, àwọn míì wá láti ìlú jíjìn wá bá a ṣiṣẹ́ láìgbowó. Igi ìdí ọkọ̀ yẹn jẹ tuntun, gẹdú purpleheart ńlá kan. Ìhà tuntun, óákù líle tó wá láti Georgia. Pákó tuntun, dẹ́ẹ̀kì tuntun.  Ọdún 2024 ni wọ́n gbé e padà sómi ní Port Townsend, ọdún méje nìyẹn.

Ṣé Tally Ho nìyẹn? Èmi ní òun ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é: kò sí igi tuntun kan tó wọlé tí kì í ṣe pé igi àtijọ́ ló júwe fún un ibi tó máa dúró sí àti bó ṣe máa rí, àtijọ́ àti tuntun wà pa pọ̀ lára ọkọ̀ kan náà fún ìgbà pípẹ́ kí àtijọ́ tó lọ. Kò sọ́jọ́ kan tẹ́ẹ lè tọ́ka sí pé lónìí ni Tally Ho kú, ọ̀la ni wọ́n bí òmíràn. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan kàn wo àwòrán Albert Strange tó wá lọ kan òmíràn ní ibòmíì, ẹ̀dà nìyẹn, ẹ̀dà ò sì burú, àwọn kan ń ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n pè é ní ẹ̀dà. Ibi tí mo ti máa bá yín fohùn ṣọ̀kan, Ọ̀gá mi, ni pé àwọn kan máa ń yọ ìdámẹ́wàá kan sílẹ̀, wọ́n á jù ìyókù dànù láìwọ̀n ọ́n, wọ́n á wá fi orúkọ àtijọ́ gbowó gọbọi lọ́wọ́ olówó. Ìyẹn ò tọ́.

Bàbá mi àgbà máa ń sọ pé ọba Gẹ̀ẹ́sì kan ní kí wọ́n ri ọkọ̀ òun sínú òkun tóun bá wàjà, kó bá òun lọ bí abọ́bakú. Ṣé òótọ́ ni? Àti pé kí ló dé tí wọn ò kàn kó gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ yìí sí mùsíọ́ọ̀mù kí wọ́n lè sinmi? — Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Òótọ́ ni bàbá yín sọ. Britannia lọkọ̀ náà, ọdún 1893 ni wọ́n kàn án ní Glasgow, G. L. Watson ló yà á fún Edward tó jẹ́ àrẹ̀mọ nígbà yẹn. Ọmọ ẹ̀, George Karùn-ún, ló wá fẹ́ràn ẹ̀ jù. Ọkọ̀ yẹn sá eré 635, ó gbé 231 nínú ẹ̀. Ọba wàjà ní January 1936, ó sì ti sọ pé kí Britannia tẹ̀ lé òun. Wọ́n tú òpó ẹ̀ àti ohun èlò inú ẹ̀ kúrò, nínú oṣù July ọdún yẹn wọ́n fà á lọ sí ibi tó jìn lẹ́bàá erékùṣù Wight, ọkọ̀ ogun ló rì í. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọba sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó dùn mí, ó sì ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rí àwòrán ẹ̀, torí ọkọ̀ yẹn ò ṣẹnikẹ́ni, ó ṣì lè sáré.

Ti mùsíọ́ọ̀mù ńkọ́? Igi ọkọ̀ tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ á gbẹ, pákó á súnkì, àlàfo á là, àti pé omi ló máa ń gbé gbogbo ara ẹ̀ dọ́gba, tó bá wà lórí igi ìgbélé mélòó kan, ara ẹ̀ á máa rọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ gbọ́ ti Gipsy Moth IV, ọkọ̀ onígi tí Francis Chichester fi dá nìkan yí ayé ká ní 1966 sí 1967. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọkọ̀ ìje, ìtàn ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ ní Greenwich ní London káwọn èèyàn máa wò ó. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ó jẹrà níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, nígbà tó yá wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọnú ẹ̀ mọ́. Àjọ UKSA, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọkọ̀ wíwà, ló gbà á, wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e padà sómi lọ́dún 2005, àwọn ọ̀dọ́ sì fi yí ayé ká lẹ́ẹ̀kejì. Ó gúnlẹ̀ lórí òkìtì iyùn lójú ọ̀nà lọ́dún 2006, wọ́n tún un ṣe ní New Zealand, ó parí ìrìn àjò ẹ̀ ní 2007. Èwo ló sàn fún un nínú méjèèjì? Lójú tèmi, ti òkìtì iyùn yẹn sàn ju ti Greenwich lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ewu ni, pé ohun àjogúnbá ò yẹ kó máa dojú kọ ìjì. Ohun tí wọ́n sọ fún Matt Brooks náà nìyẹn nígbà tóun àti ìyàwó ẹ̀ ra Dorade lọ́dún 2010 tó ní òun máa fi sá gbogbo eré òkun tó sá ní àwọn ọdún 1930. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní igi ọlọ́gọ́rin ọdún kì í ṣe ohun téèyàn ń kó lọ sójú òkun ńlá. Kò gbọ́ràn. Wọ́n yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò, wọ́n fún ibi tó rẹ̀ ẹ́ lókun, wọ́n ran ìgbòkun tuntun fún un, wọ́n kó àwọn awakọ̀ tó mọṣẹ́ jọ. Ní 2013 wọ́n wọ eré Transpac, láti Los Angeles dé Honolulu, ó lé ní 2,200 máìlì ojú òkun. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe, tó ń fò lórí omi, wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjìlá àti wákàtí díẹ̀ ni Dorade lò, ó yá ju ti 1936 lọ ní ọjọ́ kan ó kéré tán, nígbà tí wọ́n ṣírò àkókò gbogbo ọkọ̀ tán, Dorade ló ṣe ipò kìíní láàárín gbogbo wọn. Ọdún 77 lẹ́yìn tó ti gba eré yẹn kan náà! Mùsíọ́ọ̀mù wo ló lè fi ìyẹn hàn yín?

Ẹ n lẹ́ o. Mo gbọ́ pé igi ìrókò tiwa wà lára àwọn ọkọ̀ ìlú òyìnbó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe káfíńtà níbí, ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀, ibo ló lè lọ? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Peckham, London

Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ ni o. Ìrókò tó ń wá láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìkanǹkọ̀ ní Britain, igi tíìkì ló dáa jù lójú wọn ṣùgbọ́n ó wọ́n, ìrókò ló ń dípò ẹ̀, wọ́n ń fi ṣe igi ìdí ọkọ̀, wọ́n ń fi ṣe pákó ara ẹ̀, wọ́n ń fi tẹ́ dẹ́ẹ̀kì pàápàá. Oje inú ẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè jẹrà. Ọ̀pẹpẹ náà wà níbẹ̀, òun le, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ fún ibi tó bá máa wà nínú omi títí. Kí àbúrò yín ṣọ́ra fún ìyẹ̀fun ìrókò o, ó máa ń bá imú àti ojú jà gan-an, ó sì máa ń mú ara hún àwọn mìíràn, kó máa bo imú ẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń rẹ́ ẹ. Ohun kan tí mo máa fẹ́ kó máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ta á fún un ni ibi tí wọ́n ti gé e àti pé ṣé wọ́n gba ìwé àṣẹ, torí ìrókò ti ń wọ́n nínú igbó tiwa.

Ti ilé ẹ̀kọ́, èyí tó sún mọ́ yín jù nínú àwọn tí mo mọ̀ ni Boat Building Academy ní Lyme Regis, ní Dorset. Wọ́n gba ẹni tí ò tíì kan ọkọ̀ rí, káfíńtà á sì ti ní iwájú níbẹ̀. Tó bá ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, Northwest School of Wooden Boatbuilding wà ní Port Hadlock ní ìpínlẹ̀ Washington, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti tún Tally Ho ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ IYRS náà wà ní Newport, ìlú tí Dorade ti gbéra ní 1931, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fi àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Beetle Cat kọ́ṣẹ́, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un kàn, kí wọ́n tó gbé ńlá fún wọn. Owó ilé ẹ̀kọ́ ò kéré ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó béèrè nípa ìrànwọ́ owó kó tó san kọ́bọ̀ kankan.

Kó tó pinnu, kó wọkọ̀ lọ sí Lyme Regis lọ́jọ́ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ti ọkọ̀ tí wọ́n kàn sómi ní èbúté, gbogbo èèyàn ló láǹfààní láti wá wò ó. Kó bá wọn sọ̀rọ̀, kó wo ọwọ́ wọn, kó béèrè ohun tó le jù fún wọn. Tó bá wọlé, ẹ kọ̀wé sí mi padà, mo fẹ́ gbọ́.